Ọjọ́ Tí Ọmọláńgidi Kúnlẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kí Bàbá Jósẹ́fù ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣekú pa á.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni, yìnyín bo ilẹ̀, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílé rẹ̀ ní Berwyn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn tí mo rí orí rẹ̀ tó funfun báláú, orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀ kí n tó ronú. Ìwó ni wọ́n bí mi sí. A kì í nàró kí àgbàlagbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òyìnbó arúgbó yìí rò pé mo dákú ni. Ó ju ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ nù, ó na ọwọ́ méjèèjì láti gbá mi mú, ni òun fúnra rẹ̀ bá ń ṣubú bọ̀. Èmi ni mo gbá a mú. A wà lẹ́nu ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ó ń bi mí bóyá kí òun pe ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn, èmi náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má pe ẹnikẹ́ni, torí mo mọ̀ pé bí ọkọ̀ yẹn bá dé, iṣẹ́ mi ti bọ́ nìyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ara wa balẹ̀, mo ṣàlàyé fún un pé bí àwa ṣe ń kí àgbà nìyẹn. Ó rò ó títí, ó wá bi mí pé kí ni àgbà náà máa ń fi dáhùn. Mo ní á sọ pé, “Dìde, ọmọ mi.” Ó ní kí n tún un pè. Láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá ti dé láàárọ̀, màá kúnlẹ̀, òun náà á sọ pé “Dìde, ọmọ mi” pẹ̀lú ohùn kan tí ẹnikẹ́ni ní Ìwó kò ní mọ̀ pé Yorùbá ni, n ó sì dìde. N kò sọ fún un ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé bàbá tèmi kò sọ ọ́ fún mi. Ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò nílé, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní pálọ̀ kó lè ṣàdúrà fún mi. Kò fẹ́ kí n lọ. Ó ti wí i tipẹ́ pé òun kò bí ọmọ kó wá lọ máa tọ́jú baba ẹlòmíràn. Ó wò mí, ó mú tẹ̀súbáà rẹ̀ nílẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó fi mí sílẹ̀ lórí orúnkún. Ìyá mi ló fà mí dìde. Láti ìgbà náà, bí mo bá pe ilé, ìyá mi ló ń gbé fóònù. Bàbá mi á wà ní mọ́ṣáláṣí. Kódà bí mo bá pè ní àkókò tí kò sí ìrun kankan, mọ́ṣáláṣí náà ni wọ́n á ní ó wà, èmi á sì máa gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìyá mi. Ikọ́ rẹ̀ kò ṣeé ṣì mú fún ti ẹlòmíràn. Á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́ díẹ̀, á tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ọba tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní South Shore ni mo ń gbé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ó ti pẹ́ nílẹ̀ yìí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe. Láti ibẹ̀, màá wọ reluwé dé àárín ìlú, màá tún wọ òmíràn lọ sí Berwyn. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ní ìdíkọ̀ ni mò ń kí. Obìnrin kan gbé báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin kan yọ ohun tó kì bọ etí, ó bi mí kí ni mo fẹ́. Mo sọ fún un pé n kò fẹ́ nǹkan kan, mo kàn kí i ni. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Nígbà tó yá, mo dẹ́kun kíkí ènìyàn. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ju òtútù lọ. Èmi tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́nu dídùn nílé, mo lè ti South Shore dé Berwyn kí n má tíì la ẹnu.

Lẹ́yìn ilé Bàbá Jósẹ́fù, gbọ̀ngàn kékeré kan wà. Ó rán mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan pé kí n bá òun mú aṣọ òtútù. Mo tan iná. Àwọn ènìyàn kéékèèké tí wọ́n fi igi gbẹ́ ló so rọ̀ láti àjà: ọba kan, ọmọge kan, sójà, ọlọ́pàá, àti Ṣàtánì oníwo méjì tí ahọ́n rẹ̀ pupa. Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo kígbe, mo wá ààbò Ọlọ́run, mo sì sáré padà láìmú aṣọ. Bàbá náà rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti jókòó.

Ọmọláńgidi olókùn ni wọ́n. Ó ní bàbá ńlá òun ló gbẹ́ ọba náà, ní ilẹ̀ àwọn Ṣẹ́ẹ̀kì lọ́hùn-ún. Inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni ìyẹn kó wọn sí, tó ń gbé wọn lọ láti abúlé dé abúlé. Ayé ìgbà náà, èdè Jámánì ni àwọn aláṣẹ àti ọlọ́lá ń sọ nílùú ńlá. Bí o bá ń sọ èdè Ṣẹ́ẹ̀kì, ará oko ni wọ́n á pè ọ́. Ṣùgbọ́n lórí ìtàgé ọmọláńgidi, ọba pàápàá, èdè ará oko ló ń sọ. Àgbẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ á jókòó, á gbọ́ ọba tó ń pàṣẹ ní èdè ìyá rẹ̀, orí rẹ̀ á wú. Bàbá Jósẹ́fù ní bí èdè àwọn kò ṣe kú nìyẹn. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tí í ròyìn ìdílé rẹ̀ tí kì í fi iyọ̀ sí i, ṣùgbọ́n mo gba èyí gbọ́.

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Wáyà nípọn kan gba àárín orí ọmọláńgidi kọjá, òun ló gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń darí wọn á dúró sórí pákó gbọọrọ kan lókè ẹ̀yìn ìtàgé, tí wọ́n ń pè ní afárá. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń sọ ohùn gbogbo wọn, ti ọba, ti ọmọge, ti Ṣàtánì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ayébáyé. Nínú ìdílé yẹn, Bàbá Jósẹ́fù ló kù tó mọ gbogbo ohùn náà.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Kí n tó débẹ̀, bàbá yìí ti já bọ́ láti orí afárá, eegun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Ìdí tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ gan-an nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Hélénà, tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní Plainfield, ti ṣètò yàrá kan sílẹ̀ dè é. Ó fẹ́ ta ilé Berwyn, kó fi àwọn ọmọláńgidi ta ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan lọ́rẹ, kó sì kó bàbá rẹ̀ sọ́dọ̀. Bàbá náà ní òun kò lọ. Wọn kì í pariwo síra wọn. Wọ́n á jókòó ní kíṣínì, wọ́n á máa po tíì tí kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Èmi á wà nídìí ẹ̀rọ omi, n ó máa fọ abọ́ kan náà títí.

Níkẹyìn, Hélénà fi àdéhùn kan lélẹ̀.

“Eré kan ṣoṣo,” ló wí. “Ẹ ṣe eré tí ẹ máa ń ṣe nígbà ìrúwé. Bí ẹ bá gun afárá yẹn, tàbí bí eré náà bá dàrú, ẹ ń bá mi lọ sí Plainfield lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá lọ déédéé láìjẹ́ pé ẹ gun nǹkan kan, mi ò ní sọ̀rọ̀ ilé mọ́.”

Mo rò pé ìkà ni títí tí mo fi sìn ín dé ìdí mọ́tò rẹ̀. Ó di sítíárì mú, kò ṣíná sí ọkọ̀. Ó ní ojú òun ni bàbá òun ṣe ṣubú lọ́jọ́ náà, òun sì ṣì ń gbọ́ ìró náà nínú oorun.

Ohùn wà, ọwọ́ ni kò sí. Àwọn tó ń bá a darí ọmọláńgidi tẹ́lẹ̀, àwọn kan ti kú, àwọn kan ti kó lọ sí ibi tí oòrùn wà. Ìyá Ánná nìkan ló kù, aládùúgbò rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló máa gbé ọba àti Ṣàtánì. Kò sẹ́ni tó máa gbé ọmọge. Bàbá Jósẹ́fù kò bẹ̀ mí. Ó kàn gbé wáyà ọmọge náà lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ní kí n bá òun dì í mú. Ó wúwo bí ọmọ ọdún kan.

Inú bí ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó gbọ́.

“Ère lo wá ń bá ṣeré báyìí?” ló bi mí. “Mo wá steady job fún ẹ ní nursing home ní Woodridge, full-time, pẹ̀lú benefits. O fi sílẹ̀, o lọ ń fa okùn fún Ṣàtánì. Tí wọ́n bá ta ilé yẹn nkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Wọn ò bọ ọ́, wọn ò sì foríbalẹ̀ fún un. Eré ni.”

“Eré ni? Okay. Sọ fún bàbá ẹ pé eré ni.”

Ó mọ̀ pé bàbá mi kì í bá mi sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kò fi mí sílẹ̀. Woodridge kò ní dúró dè mí ju òpin oṣù lọ. Bí eré bá dàrú, bàbá á pàdánù ilé rẹ̀, èmi náà á pàdánù iṣẹ́. Mo tún bi ara mi pé kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, èmi tí n kò tíì mọ ilé tèmi ní South Shore. Mo sáà ń lọ.

Ó pẹ́ kí ọmọge tó rìn. Lákọ̀ọ́kọ́, bí ọ̀mùtí ló ń ṣe, ẹsẹ̀ kan á lọ sókè, èkejì á máa wọ́ nílẹ̀. Apá mi ń ro mí débi pé n kò lè gbé ṣíbí. Bàbá á jókòó nísàlẹ̀ lórí àga rẹ̀, á ní, “Kì í ṣe ìwọ ló ń rìn ín. Ìwúwo rẹ̀ ló ń rìn. Gbà á láyè.” Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo gbà á láyè lóòótọ́. Ó gbé ẹsẹ̀, ó gbé èkejì, ó yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n pè, ara mi sì bù máṣọ. Mo mọ̀ nígbà náà ohun tó ń fa àwọn ènìyàn yẹn wá. Igi tí mo mọ̀ pé igi ni, mo fẹ́ mọ ibi tó ń lọ. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ń jó nínú gbọ̀ngàn, Bàbá Jósẹ́fù ń pàtẹ́wọ́.

Eré náà kò le. Ọba kan ṣe ìlérí ọmọ rẹ̀ obìnrin fún Ṣàtánì kó lè borí lógun. Nígbà tí ogun parí, ó pe ọmọ náà, ó ní kó máa bá Ṣàtánì lọ. Ọmọ náà á dúró gbọnin níwájú bàbá rẹ̀, á wò ó lójú, á ní òun kò lọ, á sì kẹ̀yìn sí i. Ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń dúró dè. Bàbá Jósẹ́fù kìlọ̀ fún mi léraléra pé bó bá tẹ orí ba pẹ́rẹ́, eré ti bàjẹ́.

“Kó nàró,” ló máa ń wí. “Kó wò ó lójú.”

Mo ní mo ti gbọ́. A sì ṣe é dáadáa nígbà ìdánrawò. Ṣùgbọ́n nígbà ìdánrawò, ó ń tọ́jú ohùn rẹ̀ ni. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ gbogbo rẹ̀, bí ẹni tó ń ka ìwé fún ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, gbọ̀ngàn kún. Àwọn arúgbó wá pẹ̀lú ọ̀pá, àwọn òbí kó ọmọ wá, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni kò gbọ́ èdè náà rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, bí a bá ń sọ Yorùbá nílé wọ́n á máa wò wá lẹ́nu. Hélénà jókòó síwájú pátápátá, kò bọ́ kóòtù rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i láti inú ihò aṣọ ìkélé ìtàgé. Àtẹ́lẹwọ́ mi ń làágùn, wáyà sì ń yọ̀ mí lọ́wọ́. Bàbá jókòó nísàlẹ̀ wa lẹ́yìn aṣọ, ó ti wọ kóòtù dúdú rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ṣàtánì yọ, àwọn ọmọdé kígbe ayọ̀, àwọn tí kò gbọ́ èdè pàápàá ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Ọmọge wọlé, ó rìn, kò ta gbọ̀ngbọ̀n. Mo ń mí. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ánná gbé ọba jáde.

Bàbá Jósẹ́fù kò tíì fi gbogbo ohùn ọba sọ̀rọ̀ létí mi rí. Kó tó sọ̀rọ̀, ó wúkọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ikọ́ bàbá mi gan-an ni. N kò ro nǹkan kan. Ọwọ́ mi wálẹ̀ fúnra rẹ̀, orúnkún ọmọge náà ká, ó sì wà nílẹ̀ níwájú ọba, lórí orúnkún méjèèjì, orí rẹ̀ tẹ̀ ba.

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Gbogbo wọn mọ eré yìí láti kékeré, wọ́n sì mọ̀ pé ọmọge kì í kúnlẹ̀. Mo gbọ́ tí àga kan dún. Ìyá Ánná ń sọ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí n gbé e, kí n gbé e, ṣùgbọ́n apá mi ti le gbagidi. Mo rí Hélénà láti òkè, ó ti tẹ ara síwájú láti dìde. Mo mọ̀ pé mo ti bà á jẹ́. Mo ti gba ilé lọ́wọ́ arúgbó nítorí ikọ́.

Ọba dákẹ́. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń ṣe eré náà, ọba kò ní ọ̀rọ̀ kankan fún ọmọ tó kúnlẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀. Bàbá Jósẹ́fù ti gbé ojú sókè, ó ń wò mí. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìtàgé, ó fi ohùn ọba náà, ohùn ńlá tó gba gbogbo gbọ̀ngàn, ó sọ ọ́ ní Yorùbá:

“Dìde, ọmọ mi.”

Apá mi wá dẹ̀. Mo gbé e díẹ̀díẹ̀, orúnkún kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ó nàró. Ó gbé orí sókè, ó wo bàbá rẹ̀ lójú. Bàbá Jósẹ́fù wá fi ohùn ọmọge sọ ọ́ ní èdè tirẹ̀, jẹ́jẹ́, pé òun kò lọ. Mo yí i padà, ó sì rìn kúrò láìwẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ títí ó fi kúrò lórí ìtàgé tán. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, n kò gbọ́ ohun tí Ìyá Ánná ń sọ fún mi mọ́, omijé ni mò ń nù.

Lẹ́yìn eré, arúgbó kan wá bá Bàbá Jósẹ́fù pé látìgbà tí òun ti dáyé, ọmọge kì í kúnlẹ̀. Bàbá ní, “Ó ń kúnlẹ̀ báyìí.” Hélénà dúró lẹ́yìn ẹni yẹn, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ku àwa nìkan, ó bi bàbá rẹ̀ pé kí ni ọba sọ. Ìyẹn nawọ́ sí mi. Mo sọ fún un pé ọba ní kí ọmọ òun dìde, pé nílé wa, ọmọ lè kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ kó tó sọ fún un pé rárá, bí bàbá bá sì ti ní kó dìde, ìjà kò dé ìsàlẹ̀ ọkàn nìyẹn. Hélénà wo bàbá rẹ̀ pẹ́. Ó bọ́ bàtà, ó gun afárá lọ, ó dúró síbi tí ìyẹn ti já bọ́. Ó mi igi ìdìmú tó wà níbẹ̀, igi náà sì ń mì jìgìjìgì.

“Igi yìí ti jẹrà,” ló wí láti òkè. “Màá mú kápẹ́ńtà wá lọ́jọ́ Túsìdeè.”

Bàbá Jósẹ́fù bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú ọba pẹ̀lú áńkáṣíìfù. Mo mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ ta ilé kì í pe kápẹ́ńtà sí afárá ọmọláńgidi.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè mo pe ilé. Ìyá mi gbé e, ó ní bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí. Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Mo ní kò burú, mo wá ròyìn gbogbo rẹ̀, láti orí ọba títí dé orí Ṣàtánì, bí mo ṣe gbọ́ tí ọba wúkọ́ tí orúnkún ọmọge kanlẹ̀, àti bí arúgbó tí mò ń tọ́jú ṣe sọ pé kó dìde. N kò gbé ohùn sílẹ̀. Ìyá mi ń ṣe háà, ó ń ṣe hẹ̀n-ẹ́n.

Nígbà tí mo parí, mo gbọ́ bàbá mi, ó jìnnà sí ẹnu fóònù, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wúkọ́.

“Ṣé baba ẹlòmíràn ló yẹ kó máa sọ fún ọmọ mi pé kó dìde?”

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

“Sọ fún un,” ló wí. “Ní kó dìde.”

“Ṣé o gbọ́?” ìyá mi bi mí. “Bàbá rẹ ní kí o dìde.”

Mo ní mo gbọ́. Orí àga ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà ní South Shore, mo na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Mo dìde dúró.